Kókó Ẹ̀yìn Ojú Abo Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹni tó bá sọ pé òun kò purọ́ rí nínú oṣù ààwẹ̀, kó wá jókòó tì mí kí n wojú rẹ̀ dáadáa. Èmi pa tèmi. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, mo sì pa á lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ìborí lórí àti ẹnu tí omi kò kàn láti ìdájí. Ó ti lé lógójì ọdún. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ti kú, tàbí wọ́n ti gbàgbé. Mo lè gbé e mì kí n bá a wọ sàréè, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ara mi, kò sì tíì rọ̀.

Nígbà náà, owó epo ti dé, gbogbo Èkó sì ń ṣe bí ẹni tó jí lọ́jọ́ kan tó bá owó lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìjọba fi kún owó oṣù wa, àwọn ènìyàn sáré lọ ra rédíò, wọ́n ra fáànù, wọ́n ra alùpùpù. Ilé ìtura tuntun ń hù bí olú, oníkálukú sì fẹ́ jẹ ẹran tí bàbá rẹ̀ kò jẹ rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé. Àwọn òyìnbó tó wá nítorí epo àti àwọn ọmọ wa tó ti òkè òkun dé ń béèrè rẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ẹyin. Àwọn tó ń sìn ín ní agbègbè Ìsọlọ̀ títí dé Ailegun, níbi tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ àbàtà àti igbó, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọwọ́ mú.

Ilé iṣẹ́ wa wà ní Ìsọlọ̀, ilé kékeré kan tí ìjọba fi ń wádìí àrùn ẹran. Bí dókítà ẹran bá gé nǹkan lára ẹran tó ń ṣàìsàn, èmi ni màá fi í sínú fọ́málínì kó má baà rà, màá rọ ìda sí i kó le, màá fi ẹ̀rọ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, màá pa á láró, màá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì pélébé tí dókítà yóò gbé sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Orúkọ dókítà ló máa ń wà nísàlẹ̀ rípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe tèmi dáadáa ni yóò rí òótọ́. Bí mo bá bà á jẹ́, irọ́ ni yóò rí, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò là á fún mi báyìí nígbà tí wọ́n ń gbà mí síṣẹ́.

Ọmọ mùsùlùmí ni mí. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ń ta aṣọ ní Òṣòdì, yàrá tí a gbà sì wà lẹ́yìn ojú irin, tó fi jẹ́ pé bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo wa á dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi lọ. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé n óò máa fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀, ó sunkún. Ó ní ṣé nítorí èyí ni òun ṣe ta aṣọ sanwó ilé ìwé mi. Nígbà tó sunkún tán, ó gbé òfin kalẹ̀. Oṣù mọ́kànlá nínú ọdún, mo lè ṣe iṣẹ́ ìjọba bí wọ́n bá ṣe gbé e fún mi. Bí mo bá délé, màá fi yanrìn fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, màá fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, kí n tó kan ìkòkò òun. Ṣùgbọ́n ní oṣù ààwẹ̀, ọwọ́ mi kò gbọdọ̀ kan ẹlẹ́dẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ pé mo fi rọ́bà bò ó. Ó ní àfáà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àfáà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu àfáà tó wá fi tirẹ̀ kún un, ó sì pẹ́ kí n tó mọ èyí tó jẹ́ ti àfáà àti èyí tó jẹ́ tìyá mi nínú ẹ̀sìn tí mò ń ṣe.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, kò nira. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ àgùdà ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú ààwẹ̀, òun ló ń bá mi ṣe gbogbo èyí tó bá jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà Kérésìmesì, èmi náà á dúró ní ilé iṣẹ́ fún un. Dókítà mọ̀, ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní Àlájà, èmi tí n kò tíì rí Mẹ́kà nínú àwòrán tó dáa. Lọ́dún kẹta, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní èbúté fi owó ńlá pe ọkùnrin náà, ó sì lọ. Mi ò bá a wí. Ní àkókò yẹn, ẹni tó bá dúró nídìí iṣẹ́ ìjọba, wọ́n máa ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ku èmi nìkan nídìí fọ́málínì.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, ìyá ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo Ailegun ń pè é. Ìjẹ̀ṣà ni, opó ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹlẹ́dẹ̀, nígbà tí ọkọ náà sì kú, àwọn ẹbí ní kó tà wọ́n kó máa bọ̀ nílé. Kò gbà. Ó ní òun kò ní wá máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni láti máa dúró de oúnjẹ. Ó ń lọ gba èérún oúnjẹ láti àwọn ilé ìtura, ó ń rù ú wálé lórí, ó ń tún un sè kí ó tó fún wọn. Yorùbá Èkó ló ń bá wa sọ, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni ó ń bá àwọn ẹlẹ́dẹ̀ sọ. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ta ni òun tún fẹ́ bá sọ ọ́ ní Ailegun.

Ọgbà rẹ̀ mọ́ ju ilé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń pòṣé sí i lọ. Ọgbọ́n ni mo fi ń sọ èyí, n kò fẹ́ dárúkọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé alájà ti ń sún mọ́ ọgbà náà nígbà yẹn, àwọn onílé tuntun sì ń kọ ìwé sí ìjọba pé òórùn ń pa àwọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́lé alájà, ó dà bíi pé imú rẹ̀ máa ń di tuntun pẹ̀lú ilé náà.

Abo ẹlẹ́dẹ̀ kan ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, abo àgbà tó ti bí lọ́pọ̀ ìgbà. Ojú ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, díẹ̀díẹ̀, fún bí oṣù mẹ́ta. Omi ń dà nínú ojú náà, ihò imú apá ibẹ̀ ń ṣe omi, ó sì máa ń dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ń tẹ́tí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Ara rẹ̀ kò gbóná. Àwọn tí wọ́n jọ ń sùn kò ní ohunkóhun lójú. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ fi omi iyọ̀ fọ ojú náà títí, nígbà tí kò lọ, ó fẹsẹ̀ rìn láti Ailegun wá sí ilé iṣẹ́ wa ní Ìsọlọ̀, ó ní kí a gba òun. Òun fúnra rẹ̀ ló wá. Bí kò bá wá, bóyá ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ì bá wà.

Dókítà bá a lọ, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Mo máa sọ ti dókítà ní òótọ́: ó mọ iṣẹ́. Nígbà tí kò bá kánjú, ọwọ́ rẹ̀ dára, ó sì máa ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó rò pé mo lè gbọ́. Ó fi ìka tẹ ìdí ojú náà. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fà á, kò rí ọyún, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló yọ. Ó ní, "Ṣé o rí i, Àlájà? Bó bá jẹ́ ọyún ló wà lẹ́yìn ojú yìí, ì bá ti tú jáde. Bó bá jẹ́ kòkòrò inú ẹran, omi mímọ́ la ó rí. Kókó ni mo rò pé ó jẹ́, bóyá lára iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára wọ ojú. N kò tíì rí irú ẹ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀ rí, inú ìwé ni mo ti rí i."

Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Dókítà, ṣé ó máa ń ràn?"

"Kókó kì í ràn, Màmá. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Àfi ká pa á, ká wo ẹran ẹ̀yìn ojú náà. Bó bá jẹ́ kókó, ó parí síbẹ̀, ẹ ó máa sin àwọn yòókù lọ. Bó bá jẹ́ àrùn tó ń ràn, òfin ni pé a ó pa gbogbo wọn."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, kedere. Ó wo àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀, ó wo èmi àti dókítà, ó ní ká máa ṣe é. Ó fọkàn tán wa.

Ọjọ́ tí wọ́n pa abo náà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì ààwẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà Ailegun kún fún ẹrẹ̀. Alápatà kan wá láti Ìsọlọ̀, ó ṣe tirẹ̀, dókítà sì gé ojú náà yọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú kòtò rẹ̀. Kókó náà tóbi tó ọsàn mímu, ó funfun, ó le, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹyinjú. Dókítà gbé e sínú abọ́, ó gbé abọ́ náà fún mi. Ó ní, "Gé e wẹ́wẹ́ kó tó wọ inú omi o. Bó o bá jù ú síbẹ̀ lódindi, etí rẹ̀ nìkan ni fọ́málínì máa dé, àárín á rà." Ó ti ń sọ ọ́ bó ṣe ń wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ tuntun ni, ìwé ìrìn àjò rẹ̀ sí òkè òkun náà ti jáde, ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́.

Mo gbé abọ́ náà dé ilé iṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti tán láti bí oṣù méjì. Nínú gbogbo owó tí wọ́n ní ó ń ṣàn ní Nàìjíríà, kò sí èyí tó ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa fún ìbọ̀wọ́. Ẹran tútù máa ń yọ̀. Ẹ̀mú kò lè dì í mú kí abẹ sì tún gé e. Àfi kí èèyàn fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo dúró tì í. Mo rántí ojú ìyá mi ní ìdájí ọjọ́ yẹn, nígbà tó ń bu sààrì fún mi. Mo wo ọwọ́ òsì mi. Mo fi ẹ̀mú gbé kókó náà lódindi, mo sọ ọ́ sínú ìgò fọ́málínì, mo dé e.

N kò ṣàì mọ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Mo mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi pé n kò ṣe é dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la, tó bá ti le díẹ̀, ẹ̀mú á lè dì í mú, màá gé e nígbà náà. Ọjọ́ kejì, mo ní kó tún dúró díẹ̀. Ọjọ́ kẹta jẹ́ Jímọ̀, mo lọ kírun, n kò padà. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo tó fi ẹ̀mú àti abẹ pín in sí méjì. Òórùn tó jáde nínú rẹ̀ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún mi. Etí rẹ̀ funfun, ó le dáadáa, àárín rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Mo gé díẹ̀ láti etí dé àárín, mo rọ ìda sí i, mo ṣe gbogbo èyí tó kù pẹ̀lú ìṣọ́ra tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tó ti jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná tó wá ń nu etí abọ́.

Kí n tó gbé gíláàsì náà fún dókítà, mo fi ojú ara mi wò ó. Lábẹ́ awò, etí kókó náà mọ́ kedere. Ohun tí dókítà ti fi hàn mí nínú ìwé náà ni mo rí: àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì, aró ti sọ wọ́n di àwọ̀ àlùkò. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, àlàfo mímọ́ wà láàárín ìlà méjì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń tò fún ìrun. Kókó iṣan ni. Ohun tí dókítà rò gan-an ni. Èmi ọmọ oníṣòwò aṣọ rí ohun tí òun tó lọ sí yunifásítì rí nínú ìwé nìkan, inú mi sì dùn gidigidi, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ni mo sún gíláàsì náà lọ sí àárín. Ẹran ti rà. Kòkòrò kún ibẹ̀ bámúbámú, irú èyí tó máa ń jẹ ohun tó ti kú.

Dókítà wò ó fúngbà díẹ̀. Ó kánjú, ó ní ìpàdé. Ó sún un síbí, ó sún un sọ́hùn-ún, àárín náà ló sì pẹ́ sí jù. Ó gbójú sókè.

"Àlájà, kòkòrò ló kúnnú eléyìí. Ó yà mí lẹ́nu."

Mo ní, "Sà, ẹ wo etí rẹ̀."

"Mo ti wò ó. Etí rẹ̀ jọ kókó. Ṣùgbọ́n kí ni kòkòrò ń wá láàárín?" Ó yí àga rẹ̀ sí mi. "Ṣé o gé e wẹ́wẹ́ bí mo ṣe ní kó o ṣe?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bó ṣe rí. Bí mo bá ní rárá, á jẹ́ pé ìgò mi ni ẹran náà ti rà, kòkòrò náà dé lẹ́yìn ikú, kókó lásán ni, ìyá ẹlẹ́dẹ̀ á máa sin àwọn yòókù lọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á jẹ́ pé kòkòrò náà ti wà lára abo náà láàyè. Gbogbo rẹ̀ wá rọ̀ mọ́ ẹnu mi. Mo rò ó pé wọn á fún mi ní ìwé ìbáwí, wọn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀ láti fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀ nítorí ààwẹ̀. Mo rò ó pé wọn á ní ṣebí àwọn ti sọ pé kí wọ́n má gba obìnrin, kí wọ́n má gba ìmàle síbẹ̀. Mo rò nípa ìyá mi. N kò rò nípa ìyá ẹlẹ́dẹ̀ rárá, òótọ́ nìyẹn, àfi lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti jáde.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó mi orí. Ó ní a jẹ́ pé àrùn ti bo kókó mọ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ àrùn ló ṣe bíi kókó, kò sì sí bí òun ṣe lè fọwọ́ sí i pé kì í ràn, nígbà tí àwọn onílé Ailegun ń kọ ìwé lójoojúmọ́. Ó fa bébà sọ́dọ̀. Kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo délé, mo bá ìyá mi níbi tó ti ń po ògì ìṣínu. Ó béèrè bóyá ọwọ́ mi mọ́. Mo ní ó mọ́. Ó ní, "Alhamdulillahi." Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó lọ fúnra mi bi àfáà kan léèrè. Ó ní fífọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀ kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, omi ni yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ní irọ́ ni kí n máa bẹ̀rù. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, èmi àti ìyá mi.

Wọ́n wá pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà kí ààwẹ̀ tó parí. Dókítà ní kí n wá kọ iye akọ àti abo sílẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti kó ẹfun síbẹ̀. Àwọn tó wá pa wọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń da ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ń lé wọn, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ń ké, wọ́n ń sá wọ inú àbàtà. Àwọn onílé alájà dúró sórí bákónì, wọ́n ń wòran. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ó ní kí wọ́n má fìyà jẹ wọ́n, òun á bá wọn pè wọ́n. Ó dúró sí etí kòtò náà, ó ń pè wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú ohùn tó fi ń pè wọ́n wá jẹun. Wọ́n sì wá. Wọ́n jáde nínú àbàtà, wọ́n tò wá bá a, àwọn ọmọ ọmú ń tẹ̀ lé ìyá wọn. Mo kọ iye akọ, mo kọ iye abo. Ìwé mi kò ní àṣìṣe kankan lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, kó jẹ́ èmi nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n dókítà, nítorí pé ojú abo náà ṣì ń yà á lẹ́nu, ti fi gíláàsì kan ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Ìbàdàn. Ó tó oṣù kan àbọ̀ kí èsì tó dé. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó já lẹ́tà náà. Olùkọ́ náà kọ ọ́ pé kókó iṣan ìmọ̀lára ni, pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an lójú ẹlẹ́dẹ̀, pé kì í ràn rárá, àti pé kòkòrò tó wà láàárín rẹ̀ kò kan àìsàn náà. Ẹni tó tọ́jú ẹran ọ̀hún ni kò gé e kó tó rì í sínú fọ́málínì. Dókítà kà á tán. Ó wò mí.

Ó ní, "Àlájà." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo wolẹ̀.

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ó ní, "Ó ti bọ́. Wọn ò lè jí ẹlẹ́dẹ̀ dìde." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó lọ sí òkè òkun. Òun ló fọwọ́ sí ìwé, èmi ni mo purọ́. Bí lẹ́tà náà bá jáde, ó máa kan àwa méjèèjì. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá tiwa lóòótọ́. Ó wọ ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ó dé Ìsọlọ̀ láìsọnù, a sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.

Dókítà ti lọ nígbà tí ìyá ẹlẹ́dẹ̀ wá sí ilé iṣẹ́ wa kẹ́yìn. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ló tó, oòrùn mú. Ó ti rù. Mo gbé àga fún un, ó ní rárá, òun kò ní pẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra sí àyà bí ẹni tí ń tọrọ nǹkan, mo sì rò pé owó gbà-má-bínú ẹlẹ́dẹ̀ ló wá béèrè. Kì í ṣe é.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo fi ojú rẹ rí i nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi tó wà ní Mushin máa bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Àkọ́bí ẹ̀ ni. Èmi ló yẹ kí n lọ máa wẹ ọmọ náà." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ wọn. Wọ́n ti bó nídìí ìkòkò oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti nídìí igi ìdáná. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń po oúnjẹ wọn. Òun ni mo fi ń fọ ojú abo yẹn lójoojúmọ́ kí n tó wá bá yín. Ṣé èmi ni mo kó àrùn náà ràn wọ́n? Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ mi? Kí n má lọ kó o bá ọmọ ọlọ́mọ."

Dúrọ́ọ̀ náà wà lẹ́yìn mi. Dókítà tuntun kò tíì dé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ìwé ìbáwí kankan kò lè dé bá mi lọ́jọ́ yẹn bí mo bá sọ fún un pé, Màmá, kì í ràn, kò sí nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ lọ wẹ ọmọ yín. N kò tilẹ̀ nílò láti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: kì í ràn. Ṣùgbọ́n mo ro ohun tó máa bi mí tẹ̀ lé e. Ó máa ní, bí kì í bá ràn, kí ló dé tí ẹ fi pa wọ́n?

Mo ní, "Màmá, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀."

Ó wò mí. Ó rọra ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ ìborùn rẹ̀.

Ó ní, "Ó yé mi. Àánú mi ló ń ṣe ọ́, o kò fẹ́ là á mọ́ mi lójú. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Obìnrin kan tó ń gbé lójúlé kejì sí ilé ọmọ rẹ̀ ní Mushin máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó ní ìyá ẹlẹ́dẹ̀ dé, ó gbé oṣù méjì lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ náà, ó ń ṣẹ́ igi, ó ń pọn omi, ó ń gbálẹ̀. Àwọn ará ilé ń gbé ọmọ tuntun náà fún un, ó sì ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Títí tó fi padà sí Iléṣà, kò fọwọ́ kan ọmọ náà.